Ẹ Sanwó fún Ọ̀rọ̀ Ẹnu Apòògùn: Lẹ́tà Ṣíṣí lórí Oògùn Tuntun

Sí àwọn alákòóso ètò adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti sí Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìpòògùn ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí apòògùn máa bá onítọ̀hún sọ wà lára ohun tí ètò adójútòfò ń sanwó fún. Kì í ṣe “ẹ lo ọ̀kan láàárọ̀, ẹ lo ọ̀kan lálẹ́” tí wọ́n máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń na ọ̀rá oògùn síni ni mò ń wí. Ohun tí mò ń wí ni pé kí apòògùn àti aláìsàn jọ jókòó, kí apòògùn pè é lórí fóònù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, kí ó sì tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù tó parí.

Ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó mọ̀ pé ara òun kò yá. Ó lo Coartem fún ọjọ́ mẹ́ta, ibà náà kásẹ̀ ńlẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oògùn náà ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ wá wo ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tí àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ọjà, tí wọ́n sì bá 170 lórí 100 lára rẹ̀. Orí kò fọ́ ọ, kò rẹ̀ ẹ́, ìdí ọjà ló ti dìde wá. Wọ́n kọ amlodipine fún un. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Lójú tirẹ̀, ara òun le tẹ́lẹ̀, oògùn ló wá sọ òun di aláìsàn. Ó dá oògùn dúró. Èmi kò lè pe ìyá yẹn ní aláìgbọ́ràn o. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ṣèdájọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì wà nípò rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣaláìní ni ẹni tó máa sọ fún un kí ẹsẹ̀ náà tó wú pé amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn kan, pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe àmì pé kíndìnrín ti bàjẹ́, àti pé bó bá ṣẹlẹ̀, kí ó padà wá, nítorí pé dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó lè fi oògùn mìíràn kún un, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá.

Kò sí oògùn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò ní irú ìtàn tirẹ̀. Lisinopril máa ń fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á máa ra oògùn ikọ́ káàkiri, tó bá sì sú u, á dáwọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró láìsọ fún ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ oògùn tó ń jẹ́ losartan wà tí kì í sábà fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò ní lò ó lọ́jọ́ iṣẹ́, ìyá tó wà ní Bódìjà tí ilé ìyàgbẹ́ jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀ náà kò ní lò ó. Metformin máa ń da inú rú ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, tí wọ́n sì fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, inú náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àmọ́ ta ló sọ fún bàbá tí inú ń run láti ọjọ́ kejì pé yóò rọlẹ̀? Ẹni tó ní ikọ́ fée tí wọ́n fún ní oògùn fífà símú méjì, èyí tó ń tu àyà lójú ẹsẹ̀ ló máa ń gbára lé. Èyí tó ń dènà àìsàn náà, tí kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, á máa sùn sínú àpótí, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, kó sì máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọkùnrin wa kì í sọ jáde. Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè dín agbára ọkùnrin kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fúnra wọn náà ń ṣe é, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oògùn jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ṣàkíyèsí rẹ̀ kò ní sọ ọ́ níwájú nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì ní sọ ọ́ níwájú èrò tó tò sídìí káńtà. Á kàn fi oògùn sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá bi í, á ní òun ń lò ó. Dókítà á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á rí i pé kò wálẹ̀, á fi oògùn kejì kún èyí tí kò lò. Owó ìlú ń ṣòfò níbẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, owó yín sì ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Àwọn olùwádìí ní ìlú Ọba wá fẹ́ mọ ìgbà tí ìfàsẹ́yìn náà ń bẹ̀rẹ̀. Èsì wọn, tó jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé ó ń yá ju bí a ṣe rò lọ. Nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn fún, tí wọ́n ṣì ń lò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá péré, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò lò ó bó ṣe yẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọjọ́ mẹ́wàá! Lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n á ní kí ènìyàn padà wá lẹ́yìn oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò le. Wọ́n ní kí apòògùn pe àwọn aláìsàn kan lórí fóònù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó bi wọ́n bí ó ṣe ń lọ, kó sì fèsì sí ohun tí kálukú bá sọ. Èsì tó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n pè ni kò lo oògùn bó ṣe yẹ, nígbà tó jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọn kò pè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ilé oògùn àdúgbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ikọ́ fée àti àwọn àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó fara jọ ọ́, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lọ́dún 2021, wọ́n fi wárápá, àrùn ojú gláúkómà àti àwọn mìíràn kún un. Àwọn olùwádìí kan yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé oògùn 46 pẹ̀lú aláìsàn 504. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba iṣẹ́ náà ló ń lo oògùn wọn dáadáa, ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 61.

Ẹnì kan lè sọ pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà, kò sí ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́. Ìjókòó kan àti fóònù ni. Ẹ bá mi wá ohun mìíràn tó lè mú ènìyàn mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún padà sídìí oògùn wọn ní iye owó bẹ́ẹ̀.

Ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa ń jẹ àǹfààní yìí lókèèrè. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Peckham ní ìlú Ọba, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún, ní ẹ̀tọ́ sí i láìsan kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú Òde, tí ọmọ náà ń fi irú oògùn kan náà ránṣẹ́ sí nínú àpò ẹni tó ń bọ̀ wálé, kò ní ẹni tó máa bi í bí ó ṣe ń lò ó. Ìyá náà á gba oògùn, á gbàdúrà fọ́mọ, á sì pín in fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru.

Kí ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni mo ní kí ẹ wá ṣe. A ti ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Láti ọdún 2002 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn HIV, tó sì di ọ̀fẹ́ ní 2006, a kì í kàn ju oògùn náà sọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n á mú onítọ̀hún jókòó, wọ́n á ṣàlàyé bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á bi í léèrè ta ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, aago mélòó ló rọrùn fún un láti lò ó, kí ló máa ṣe bó bá rìnrìn àjò. Bí kò bá wá gba oògùn lọ́jọ́ tó yẹ, wọ́n á pè é, wọ́n á wá a lọ. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ náà rí bẹ́ẹ̀: wọ́n tilẹ̀ ń wo ènìyàn bó ṣe ń gbé oògùn mì. Àwọn apòògùn wa mọ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń sọ àwọn bàbá wa di ẹni tí kò lè gbé apá àti ẹsẹ̀ kan, kò fi yẹ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn tí mo rí ni pé owó àwọn àjèjì ló ń gbé ti HIV ró, owó tí wọ́n ń gbé wá fún ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sókè òkun dúró, a rí i bí ohun tí ẹlòmíràn ń gbé ró ṣe lè mì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ náà bá owó náà lọ.

Apòògùn ilẹ̀ Yorùbá tún ní iṣẹ́ kan tí ti ìlú Ọba kò fi bẹ́ẹ̀ ní, nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń gbé. Ó mọ̀ pé nínú oṣù Ràmàdáànì, alátọ̀gbẹ tó ń lo glibenclamide láìṣètò rẹ̀ lè dákú kí oòrùn tó wọ̀, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ó mọ̀ pé ìyá ìjọ tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún kì í fi ohunkóhun kan ẹnu, hóró oògùn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ a lè gbé oògùn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sí àkókò ìṣínu. Ó mọ̀ pé àgbo wà nínú ìgò lábẹ́ tábìlì. Bí ó bá fi ìbínú béèrè, wọ́n á ní kò sí. Bí ó bá fi ọ̀wọ̀ béèrè pé “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan mìíràn tí a ń mu mọ́ ọn?”, ìyá á sọ fún un, wọ́n á sì jọ rò ó. Èdè Yorùbá ni wọ́n á fi sọ gbogbo èyí. Kò sí ìwé pélébé inú páálí oògùn tó lè ṣe é, gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n fi kọ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ lè fi dá mi lóhùn. Èkíní ni pé owó oògùn ló ń pa àwọn ènìyàn, kì í ṣe àìmọ̀kan. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ GSK sì kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, ẹni tó ń lo oògùn fífà símú mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ìmọ̀ràn kò lè sọ oògùn tó wọ́n di pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ fún dókítà. Ilé ló ti ń dá a ṣe: á fi hóró kan lo ọjọ́ méjì, tàbí kó lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru kó fi ti àtọ̀gbẹ sílẹ̀, nítorí pé èyí tó wọ́n nìyẹn. Apòògùn tó bá pè é á gbọ́. Òun ló mọ èyí tó rọjú nínú oògùn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí orúkọ ara páálí wọn yàtọ̀, òun ló sì lè bá dókítà sọ̀rọ̀ pé kó pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni pé àwọn apòògùn kò tó, pé wọ́n ti ń japa. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìdí kan nínú ohun tó ń lé wọn lọ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò ní yunifásítì kí wọ́n tó gba oyè, ti oyè Pharm.D sì jẹ́ mẹ́fà. Wọ́n kọ́ wọn bí oògùn ṣe ń rìn nínú ara àti bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n wá jáde, iṣẹ́ tí wọ́n bá kì í ju kíka hóró oògùn sínú ọ̀rá lọ. Èrè orí ọjà ni ilé oògùn fi ń jẹun. Apòògùn tó bá lo ogún ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ aláìsàn kan kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀, àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì ti bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ẹni tó ń dákẹ́ ló ń jèrè, ẹni tó ń ṣàlàyé ló ń pàdánù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ yín tó.

Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìpòògùn, ẹ̀bẹ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ilé oògùn kan wà tí ìwé ẹ̀rí apòògùn wà lára ògiri wọn, ṣùgbọ́n tí apòògùn fúnra rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ọmọ tó jáde níléèwé gírámà ló ń ta oògùn. Ẹ ti ń bá wọn jà, a ń rí i, ẹ má ṣe dẹwọ́. Kò sí bí a ṣe lè sanwó ìmọ̀ràn fún ẹni tí kò sí nílé. Ẹ tún jẹ́ kó di dandan pé kí gbogbo ilé oògùn tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní igun kan tó ní ìlẹ̀kùn tàbí kọ́tìnì, tí ènìyàn ti lè sọ̀rọ̀ àṣírí. Ohùn rara tí wọ́n fi ń pe “ta ló ni oògùn àtọ̀gbẹ?” láàárín èrò ti tó láti lé àgbàlagbà kúrò nídìí oògùn rẹ̀. Ní ti àwọn kẹ́míìsì tó wà ní ìgbèríko, òfin kò fún wọn láṣẹ láti máa ta irú oògùn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn ló sún mọ́ ìlú jù. Ẹ kọ́ wọn láti dá ẹni tó ti fi oògùn sílẹ̀ mọ̀, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà apòògùn tó wà nítòsí.

Ẹ̀yin alákòóso adójútòfò, láti 2022 tí òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ẹ ń rọ àwọn ènìyàn láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ sínú Ìlera Èkó àti àwọn ètò tó kù ń wo ohun tí wọ́n máa rí gbà. Ẹ fi èyí hàn wọ́n. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa lè ṣe é fún gbogbo àìsàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn nìkan. Ẹ san iye kan pàtó fún apòògùn lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá bá jókòó, tó sì pè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má sì san án títí ìpè kejì yóò fi wáyé. Ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí dókítà tó kọ oògùn náà. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n pè àti ti àwọn tí wọn kò pè, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé lè rí i, bó dára, bí kò dára.

Títí di ìgbà náà, mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, bí wọ́n bá kọ oògùn tuntun fún yín tàbí fún òbí yín, ẹ má kúrò nídìí káńtà kí ẹ tó béèrè pé kí ni oògùn yìí lè ṣe sí mi lára, kí ni kí n ṣe bó bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà wo ni kí n pè. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn